Ẹja Alábẹ Inú Adágún Lẹ́bí

Nígbà tí ẹsẹ̀ Lẹ́bí ṣì ń gbé e, kò sí apẹja kan ní Ìgbólókun tó lè sọ pé òun ju ọkùnrin náà lọ. Ṣùgbọ́n àgbà dé, orúnkún méjèèjì kọṣẹ́, ẹni tó ti ń bá ìgbì òkun jìjàkadì wá di ẹni tí wọ́n ń gbé láti orí ẹní sórí àpótí. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló dùn ún jù. Òkun tí kò lè lọ bá mọ́ ni. Èyíwùmí ọmọ rẹ̀ obìnrin, opó tó ti padà wá sílé, kò lè máa wo bàbá rẹ̀ nínú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbẹ́ adágún kan síwájú ilé, ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ó to òkúta òkun tí òdòdó omi ti hù lára wọn sínú rẹ̀, ó sì ń pọn omi iyọ̀ sí i láràárọ̀. Orímisan àbúrò rẹ̀, tó gba iṣẹ́ ẹja lọ́wọ́ bàbá wọn, ń mú ẹja wẹ́wẹ́ wá láàyè. Bí òkun ṣe wá bá Lẹ́bí nílé nìyẹn.

Ẹ má rò pé eré ọmọdé ni o! Adágún náà ní òfin tirẹ̀. Ẹja kì í bọ́ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Ìkòkò ńlá kan wà lábẹ́ igi àgbọn tí wọ́n ń pè ní ìkòkò àlejò, ọjọ́ méje gbáko sì ni ẹja tuntun ń lò níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àìsàn wà lára rẹ̀, kí wọ́n sì mọ irú ẹni tó jẹ́. Lẹ́bí a máa sọ pé àlejò tó bá fẹ́ wọ yàrá, kó kọ́kọ́ jókòó lẹ́nu ọ̀nà ná.

Nínú ilé ńkọ́? Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ààrò kan ṣoṣo ló sì wà tí wọ́n fi ń yan ẹja. Nígbà tí Orímisan gbé Àyọ̀ká níyàwó, ìdí ààrò yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Igi gbígbẹ ni Èyíwùmí fi ń dáná. Èèpo àgbọn ni wọ́n ń lò nílé bàbá Àyọ̀ká.

"Ìyàwó, ta ló gbé àtẹ mi kúrò lórí iná?"

"Èmi ni, Ìdílẹ̀kẹ̀." Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, Ìdílẹ̀kẹ̀ sì ni orúkọ tí Àyọ̀ká fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹja mi ló fẹ́ bàjẹ́."

"Tìrẹ ló lè bàjẹ́, tèmi ò lè bàjẹ́, àbí?"

Ojoojúmọ́ ni, bí kò jẹ́ ti àtẹ, á jẹ́ ti èéfín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Orímisan ti dọ̀bálẹ̀ bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun lọ kọ́ ilé sí ìhà kejì èbúté, níbi tí ilẹ̀ pọ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni Lẹ́bí fi kọ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú sínú ilé, kí eṣinṣin wá máa bá mi ránṣẹ́ sí yín ni?"

Ó dà bí àwàdà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba bàbá náà tọkàntọkàn. Ó rò pé ọjọ́ tí ẹnì kan bá fi ilé yẹn sílẹ̀, àwọn tó kù yóò tẹ̀ lé e, òun yóò sì kú níbi tí òun ti dá jókòó, tí òun ń wo ògiri.

Ní ọjọ́ kan, Àyọ̀ká bá ọkọ rẹ̀ lọ kó ẹja. Ẹja kan wà nínú àwọ̀n tí wọn kì í sábà rí. Ara rẹ̀ dúdú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ re láró, àmì pupa rúsúrúsú kan sì wà ní ìdí ìrù rẹ̀. Àárín àmì yẹn ni egungun kan wà tó mú bí abẹ. Ẹja alábẹ ni. Orímisan fẹ́ sọ ọ́ padà, Àyọ̀ká ní rárá, ó máa jọ Baba lójú. Inú igbá ló ti gbé e délé, ó sì ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lójú ọ̀nà kó má baà kú.

"Baba, tiyín ni mo mú wá."

Ẹnu Lẹ́bí kò lè pa dé. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti rí irú ẹja yìí gbẹ̀yìn. Wọ́n gbé e sínú ìkòkò àlejò, àríyànjiyàn sì bẹ̀rẹ̀.

"Ewédò ni oúnjẹ rẹ̀," ni Àyọ̀ká wí, "ewédò sì ti fẹ́ bo gbogbo òdòdó inú adágún yìí pa. Á bá wa gé e."

"Òótọ́ ni," Èyíwùmí dáhùn. "Ṣùgbọ́n Baba, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹja alábẹ kì í jókòó. Láti àárọ̀ dé alẹ́ ló ń rìn. Adágún tí mo gbẹ́, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ni. Ibo ló fẹ́ rìn dé?"

Lẹ́bí mọ̀ pé Èyíwùmí sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó wo ojú Àyọ̀ká, ó rí bó ṣe ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu òun. Ó wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, bí mo bá kọ ẹja yìí, ìyàwó á ní òun ni mo kọ̀, á sì kó ọkọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọjọ́ méje pé, ó ní kí wọ́n gbé e sínú adágún.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Ẹja alábẹ fi ẹnu ha ewédò kúrò lára òkúta títí òdòdó omi fi tún yọjú. Àyọ̀ká ń rẹ́rìn-ín káàkiri. Ní ọjọ́ kẹta, ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Ó dé ògiri, ó yí padà, ó tún dé ògiri. Ẹja wẹ́wẹ́ tó bá ṣèèṣì kò ó lọ́nà, ìrù ni yóò fi gbá a. Nígbà tó di ọ̀sán, èyí tí Lẹ́bí fẹ́ràn jù nínú wọn, tó máa ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, ti léfòó, egbò gígùn sì wà ní ìhà rẹ̀.

Lẹ́bí figbe ta. Èyíwùmí sáré wá, ó ki ọwọ́ bọ omi láti mú ẹja alábẹ jáde, ẹja náà ta, abẹ ìdí ìrù sì ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bò ó. Àyọ̀ká tó wà nídìí ààrò kò mọ ìgbà tó já ìborùn orí rẹ̀ tó fi di ọwọ́ náà.

"Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹ foríjì mí! Èmi ni mo fà á, èmi ni mo mú ìkà ẹja wọlé." Ẹkún ti gbà á lẹ́nu.

Èyíwùmí kò bínú. Ẹja tó wà nínú omi ló ń wò.

"Dákẹ́, Ìyàwó. Má pè é ní ìkà mọ́. Ìwọ náà wo imú rẹ̀."

Gbogbo wọ́n wò, títí kan Orímisan tó ti sáré dé. Imú ẹja alábẹ ti bó, ó ti fi ha ògiri amọ̀ títí ẹran pupa fi hàn. Lẹ́bí tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí ọ̀kan di ọwọ́ èkejì mú, àwọn méjèèjì kan náà tí wọ́n ń bú ara wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nítorí àtẹ. Àánú wọn ṣe é. Ojú tì í pẹ̀lú.

"Orímisan," ó ní, "pọ̀n mí lọ sétí òkun."

Orímisan pọn bàbá rẹ̀, Àyọ̀ká gbé ẹja náà sínú igbá tó fi gbé e wá, Èyíwùmí sì tẹ̀ lé wọn. Lẹ́bí fúnra rẹ̀ ló da igbá sínú omi. Ẹja alábẹ dúró díẹ̀, bí ẹni tí kò gbà á gbọ́, kó tó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ. Kò sí ẹja kan tó gbá, kò sí ògiri kan tó fi imú ha.

Àwọn ẹyẹ etí òkun ń padà bọ̀ lákòókò náà, funfun báláú, wọn kò níye. Lẹ́bí wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń bọ̀, ìyẹ́ ọ̀kan kò kan ti èkejì.

"Ẹ wò ó," ó wí fún àwọn ọmọ rẹ̀. "Ojú ọ̀run tó wọn ni. Ẹ kó wọn sínú àgò kan ṣoṣo, kí ẹ wá wo ìjà." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. "Orímisan, lọ kọ́ ilé rẹ síbi tí o wí. Kọ́ ààrò fún ìyàwó rẹ pẹ̀lú. Ẹ̀rù dídá wà ló bà mí, ni mo fi há gbogbo yín mọ́lé. Ẹ má bínú sí mi."

Àyọ̀ká kúnlẹ̀ nínú iyanrìn. "Baba, a ò ní fi yín sílẹ̀ láéláé."

Kò sì fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí ilé tuntun ti parí, òun ló ń pọn ìkòkò omi iyọ̀ kìíní wá sí adágún láràárọ̀, Èyíwùmí a pọn èkejì, wọn a sì jókòó ti bàbá wọn, wọn a máa fi ọ̀rọ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ títí oòrùn yóò fi mú. Nígbà tó bá tó àkókò ẹja yíyan, kálukú a gba ìdí ààrò tirẹ̀ lọ. Láti orí àpótí rẹ̀ ni Lẹ́bí ti ń rí èéfín méjì, ti igi lápá ọ̀tún, ti èèpo àgbọn lọ́nà jíjìn lápá òsì, kò sì bẹ̀rù mọ́. Gbólóhùn tó sọ létí òkun lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ń fà yọ ní Ìgbólókun nígbàkígbà tí ààyè bá há débi tí ìfẹ́ fẹ́ di ìjà, ẹnu wọn náà ni àwọn àgbà wa sì ti gbà á tí wọ́n fi ń pòwe fún wa títí dòní pé: ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara.