Àdúrà Lẹ́sẹ̀ Afárá

Iṣẹ́ Ọ̀gá Akíngbadé ni láti mú ẹni tó bá gba ojú títì márosẹ̀ kọjá l'Ékòó dípò kó gun afárá ẹlẹ́sẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó dá Ọdúnayọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, dúró: "Gun afárá bíi ti gbogbo ayé, àbí kí o padà sílé." Ọdúnayọ̀ wo àtẹ̀gùn gàgàrà náà, ó wo ikùn ọ̀gá tó yọ síwájú, ló bá ké sí àwọn tó ń kọjá: "Ẹ bá mi dúpẹ́ o! Ọ̀gá yìí fẹ́ gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ mi gun afárá! Ẹ̀yìn ò ní dùn yín o, bàbá mi!" Gbogbo èrò ṣe àmín. Ọ̀gá náà ti ṣe àmín tirẹ̀ kó tó rántí ohun tí wọ́n ń ṣàdúrà sí. Ọdúnayọ̀ tún fi kún un: "Orúnkún yín ò ní yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn!" "Àmín!" Ìyá arúgbó kan tiẹ̀ ti nawọ́ láti bá a di fìlà mú. Ọ̀gá Akíngbadé tún wo òkè afárá, ó nawọ́ sí àwọn mọ́tò, gbogbo wọn dúró, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ náà kọjá títì. Nígbà tí wọ́n dé òdìkejì, ó nu òógùn ojú. "Àbúrò, ṣé ìdánwò yín ti ń parí lọ?" "Rárá o, sà. Òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."