Bí Ẹja Wẹ́wẹ́ Ṣe Di Onílà Aró

Nígbà láéláé, kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu ẹja, ẹja wẹ́wẹ́ kan wà lódò tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi òjò. Kò ní ilà kankan. Ohun tó bá jẹ láàárọ̀, wàá rí i nínú ikùn rẹ̀.

Lẹ́bàá odò yẹn ni Àwẹ̀ró ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Ìyá Aláró. Bí obìnrin yìí bá fi ìko di aṣọ, tó rì í sínú ìkòkò aró, ilà tó máa jáde á gún gbọọrọ. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é bíi tirẹ̀ ní gbogbo ìlú.

Nígbà tó yá, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Ó gbàgbé ìkòkò lórí iná. Ó gbàgbé ọ̀nà odò. Lọ́jọ́ kan, ó wo ojú Àwẹ̀ró, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀.

"Ìyàwó, o kú àárọ̀ o. Ta lò ń wá?"

Ẹnu ò gbélé mọ́. Fádèyí, ọkùnrin tó ń gbé lódìkejì ilé wọn, ló kọ́kọ́ pariwo. "Àjẹ́ ni! Ó ti jẹ ọpọlọ ara rẹ̀ tán, tiwa ló kàn!"

Baálẹ̀ ní kí wọ́n fún Ìyá Aláró ní ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà kó fi ìlú sílẹ̀.

Àwẹ̀ró ò sunkún. Ẹkún kì í ṣílẹ̀kùn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé, kí ló wà nínú ìgbàgbé yìí gan-an?

Ó gba odò lọ. Ó rí arúgbó kan nínú àwọn ẹja wẹ́wẹ́ náà tó ń forí sọ òkúta, tó ń padà sẹ́yìn, tó tún ń forí sọ ọ́.

"Ìyá àgbà," ọmọ ọmọ rẹ̀ ń pariwo, "ọ̀nà yẹn ti dí látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn!"

"Ọ̀nà mi nìyí," ni arúgbó dáhùn. "Òkúta ni kò nítìjú."

Àwẹ̀ró rí i pé bí ìyá òun gan-an ló ń ṣe. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá Ẹja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi délé, ẹ̀yin àti ọmọ ọmọ yín, kí n máa wò yín. Ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀kọ nírọ̀lẹ́."

"Omi odò wa ni kí o fi gbé wa," ni arúgbó wí. "Má gbé wa sínú omi mìíràn."

"Mo gbọ́, mà."

Ó bu omi odò sínú ọpọ́n ńlá. Ó fi pákó là á láàárín, ó sì lu ihò méjì sí pákó náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ̀yìn pákó ló ń fi ẹ̀kọ sí. Ihò ọ̀tún mọ́ àwọn ẹja méjèèjì lára. Lọ́jọ́ kẹta, Àwẹ̀ró dí ihò náà pa.

Ọmọ ẹja forí sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó yà sí òsì. Arúgbó forí sọ ọ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bó ṣe rí nìyẹn lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́túnla.

Lọ́jọ́ keje, Baálẹ̀ àti ará ìlú dé. Àwẹ̀ró jáde lọ kí wọn. Kó tó wọlé padà, ìyá rẹ̀ ti rí ẹja nínú ọpọ́n.

"Aṣọ funfun rèé, ẹnikẹ́ni ò tíì rẹ ẹ́!"

Ó mú arúgbó ẹja, ó fi ìko dì í láti orí dé ìrù, ó jù ú sínú ìkòkò aró. Ẹja sá lọ sísàlẹ̀ pátápátá.

"Omi mìíràn!" ló ń ké látìsàlẹ̀. "Àwẹ̀ró, ṣé àdéhùn wa nìyí?"

Àwẹ̀ró sáré yọ ọ́, ó tú ìko. Ilà aró ti tò sára rẹ̀, ó gún gbọọrọ.

"Ẹ ò rí i?" ni Fádèyí wí. "Ta ló ń di ẹja bí aṣọ, bí kì í bá ṣe àjẹ́?"

"Fádèyí, panu dé, kí o fi ojú wò," ni Àwẹ̀ró wí.

Ó dá arúgbó padà sínú ọpọ́n. Ọmọ ẹja gba òsì kọjá. Arúgbó lọ sọ́tùn-ún: kò! kò! kò! Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó tún ṣe é. Ẹ̀rín dínkù. Ó tún ṣe é.

"Ìyá Ẹja ńkọ́?" ni Àwẹ̀ró bi wọ́n. "Àjẹ́ lòun náà? Ọmọ ta ló jẹ?"

Fádèyí yà sẹ́yìn Baálẹ̀.

Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹja. "Ilà yìí gún o. Ta ló dì í?"

Ìyá Aláró náà bẹ̀rẹ̀. "Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ọwọ́ ẹni náà dára."

"Ọwọ́ yín ni, Màámi," ni Àwẹ̀ró wí.

Baálẹ̀ dìde. "Ohun tó ń ṣe ẹja ló ń ṣe obìnrin yìí. Kò síbi tó ń lọ."

Àwẹ̀ró gbé ẹja padà sódò, ó kúnlẹ̀ tẹ̀bẹ̀tẹ̀bẹ̀. Arúgbó wo ara rẹ̀ títí nínú omi.

"O ba àdéhùn jẹ́," ló wí, "ṣùgbọ́n o fẹ́ mọ̀. Àwọn ọmọ mi á máa mọ́ gaara, kí ẹ lè máa wo inú orí wọn. Ẹni tó bá dàgbà nínú wa, ilà ìyá rẹ ni yóò máa wọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ẹja wẹ́wẹ́ yìí ti ń mọ́ gaara ní kékeré, tí ilà aró sì ń jáde lára rẹ̀ bó bá ṣe ń dàgbà. Bí o bá gbé e sínú omi tuntun, ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sá lọ, kó tó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó ń wò ó bóyá aró ni.

Títí dòní, àwọn tó ń wá ìdí ìgbàgbé àgbàlagbà ṣì ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹja yìí nínú omi. Wọn ò tíì rí ìdí rẹ̀ tán. Ẹja ò tíì sọ pé ó rẹ òun.