Gbogbo Ọkọ̀ Ojú Omi Ló Dọ́gba Lórí Iyanrìn

Àwọn ará Ebúté-Àgbọn a máa sọ pé, "Gbogbo ọkọ̀ ojú omi ló dọ́gba lórí iyanrìn." Àlejò tó bá gbọ́ ọ á bèèrè pé ta ló ń wa ọkọ̀ ojú omi lórí iyanrìn. Ọ̀rọ̀ Múyìbì Ọ̀ṣínówò ló bí òwe náà, kò sì sí ẹ̀rín nínú rẹ̀.

Múyìbì ní ọkọ̀ mẹ́jọ tó ń kó èrò kọjá ọ̀sà. Lámídì, àbúrò rẹ̀, ló ń wa èyí tó tóbi jù. Nígbà tí iṣẹ́ gbòòrò, Mọnsúrátù tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn ní kí àwọn gba ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tó ń báni kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ó mú méjì wá. Owó ọ̀kan tó ìlọ́po mẹ́wàá ti èkejì.

Múyìbì ní kí àwọn méjèèjì kọ ètò tí èrò á fi máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, wọ́n ti ṣe é, kò sì sí ìyàtọ̀.

"Kí wá ni mo fẹ́ máa san ìlọ́po mẹ́wàá sí?"

"Ọ̀gá, iṣẹ́ tó rọrùn la fún wọn," ni Mọnsúrátù wí. "Ẹ jẹ́ ká fi èyí tó le dán wọn wò."

"Iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́."

Wọ́n mú èyí tí kò wọ́n. Òun ló bá Mọnsúrátù kọ ètò tó ń sọ fún àwọn awakọ̀ bí afẹ́fẹ́ orí ọ̀sà ṣe rí. Ọjọ́ méjì péré ló gbà. Múyìbì fi í yangàn kiri ebúté.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà òjò, nẹ́tíwọ̀kì já. Ètò náà kò sọ pé òun ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ọ̀rọ̀ àárọ̀ ló ṣì wà lójú fóònù: "Omi dákẹ́." Lámídì wò ó, ó sì tukọ̀. Ìjì ká wọn mọ́ àárín ọ̀sà. Òun àti èrò mẹ́sàn-án ló bá omi lọ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Mọnsúrátù gbé iṣẹ́ kan náà fún ẹ̀rọ méjèèjì níwájú ọ̀gá rẹ̀. Èyí tí kò wọ́n tún ṣe àṣìṣe kan náà. Èyí tó wọ́n kò tíì kọ nǹkan kan tó fi bèèrè pé: "Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já, kí ni kí awakọ̀ rí?"

Múyìbì ka ìbéèrè náà, ó tún un kà. "Ìbéèrè kan ṣoṣo," ló wí.

"Èmi náà kò bèèrè, ọ̀gá." Mọnsúrátù ń sunkún.

Múyìbì kò lè wo ọ̀sà mọ́. Ó ní kí wọ́n wọ́ àwọn ọkọ̀ tó kù gòkè sórí iyanrìn, òun fẹ́ tà wọ́n. Oníbàárà kan wá, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ló dáa jù nínú wọn?"

Múyìbì kò gbójú sókè. "Gbogbo ọkọ̀ ojú omi ló dọ́gba lórí iyanrìn."

Oníbàárà náà rò pé ó ń yin ọjà rẹ̀ ni. Àwọn ará ebúté tó wà níbẹ̀ kò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ tó rọrùn dán ohun tí ẹ̀mí èèyàn máa gbára lé wò: gbogbo ọkọ̀ ojú omi ló dọ́gba lórí iyanrìn. Múyìbì fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ mọ́.