Bí Ẹtu Ṣe Dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Erin

"Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ rèé o."

"Àlọ̀, Ìyá Àgbà. À ń gbọ́."

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dúró lẹ́sẹ̀ Ẹtu. Wọ́n máa ń sọ pé Ẹtu jẹun yó nílé Erin, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹ má tètè gbà á gbọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló ń figagbága nínú bọ́ọ̀lù lọ́dọọdún: ti Erin olówó, àti ti Ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò ní ju pápá lọ. Ẹsẹ̀ Ẹtu, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ni Ọ̀kẹ́rẹ́ gbójú lé.

Erin fi ẹ̀wà ránṣẹ́ sí Ẹtu kó lè wá sí ilé-ẹ̀kọ́ òun, Ẹtu kọ̀. Erin ní òun yóò kọ́lé fún ìyá Ẹtu, Ẹtu kọ̀. Nígbà kẹta, Erin fúnra rẹ̀ wá.

"Ọmọ mi, pápá tèmi ni ayé ti ń wòran. Ta ni yóò rí ọ níbí?"

Ẹtu fẹ́ kí ayé rí eré òun. Ó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ ìdíje pé, Ẹtu bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Erin ọlọ́lá, ẹsẹ̀ ń yún mi.
*Jókòó ná.*
Pápá ti kún, ayé ń wòran.
*Jókòó ná.*
Wọ́n ti fẹ́ parí, ẹ jẹ́ n wọlé.
*Jókòó ná.*

Ilé-ẹ̀kọ́ Erin borí.

"Bàbá," ni Ẹtu wí, "ṣé n kò mọ bọ́ọ̀lù gbá ni?"

Erin rẹ́rìn-ín. "O mọ̀ ọ́n gbá ju gbogbo wọn lọ. Kí o má baà gbá a fún Ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo ṣe mú ọ wá. Ìgbín ni Ọ̀kẹ́rẹ́ fi sí ipò rẹ lónìí."

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé, ẹ̀yin ọmọ: títí Ẹtu fi darúgbó nílé Erin, bọ́ọ̀lù kò kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.