Àwọn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rán

Ọkùnrin awakọ̀ kan wà ní Ìgbẹ́tì, Olúgbódi ni wọ́n ń pè é. Ó gba ọkọ̀ akẹ́rù ní àwìn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àìsàn wá dá a dúbúlẹ̀. Kò rí owó oṣù kan san, kò rí ti èkejì san. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò kúrò nílé. Bí fóònù bá dún, á fi ìrọ̀rí bò ó.

Lọ́jọ́ kan, lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, ọyẹ́ bo àdúgbò débi pé a kò rí ojúlé kejì. Àwọn ọkùnrin kan yọ láti inú rẹ̀, wọ́n dúró ti ọkọ̀. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Ajá ilé, tó máa ń gbó gbogbo èèyàn, wọ abẹ́ àga lọ, ó ń gbọ̀n. Olúgbódi na kọ́kọ́rọ́ sí wọn kí wọ́n tó la ẹnu. Ọwọ́ tó gbà á tutù bí irin. Ọyẹ́ gbé ọkọ̀ náà mì, ariwo rẹ̀ sì dákẹ́ lójijì, bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ìyàwó rẹ̀ jáde. "Ta ló rán wọn?"

"Àwọn tó ni ọkọ̀ ni."

"Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

Olúgbódi mirí pé rárá. Ìyàwó bi í bí ojú wọn ṣe rí. Ọkùnrin náà ronú títí, kò rí ojú kankan rántí.

Ìyàwó fà á lọ sí ilé-iṣẹ́ náà. Ẹnu ya ọ̀gá ibẹ̀. Ó ní, "A ò rán ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ ti gbàgbé àdéhùn wa ni? A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kìlọ̀ fún yín, ká sì fún yín láàyè. Èyí tí ẹ ti san sì pọ̀ débi pé a ò lè gba ọkọ̀ yẹn láìkọ́kọ́ lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí à ń pè yín, ṣe la fẹ́ dín owó oṣooṣù kù fún yín."

Wọ́n wá ọkọ̀ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n wá a dé ọ̀nà Ìlọrin. Kò sí ẹni tó rí i nígbà tó ń kọjá.

Fádèyí, ìwọ ni mo ń sọ ìtàn yìí fún. Mo mọ̀ pé o jẹ gbèsè ọkọ̀, mo sì mọ̀ pé o ti ń pa fóònù rẹ. Gbèsè kì í sọ ọmọlúàbí di ẹrú. Lọ bá àwọn tó yá ọ lówó, jókòó, kí o sọ tẹnu rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ, bi í pé ta ló rán an, níbo ni àṣẹ rẹ̀ wà. Ẹni tí a rán níṣẹ́ á dárúkọ ẹni tó rán an. Ẹni tí a kò rán, ẹ̀rù rẹ ló ń dúró dè, kó wá ṣílẹ̀kùn fún un.