Ìdí Tí Ẹ̀gà Fi Ń Pariwo, Tó Sì Ń Tú Ìtẹ́ Tó Bá Ti Gbó

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹranko igbó ní kọ̀ǹpútà nílé, ẹyẹ ẹ̀gà kì í pariwo. Ẹyẹ jẹ́jẹ́ ni. Bí o bá dé abẹ́ ọ̀pẹ wọn, ìró koríko tí wọ́n ń hun nìkan ni wàá gbọ́.

Láínọ́ọ̀sì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn ẹranko, nítorí kò sí olówó kan tó ni ín; gbogbo igbó ló ni ín. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí kò bá ní aṣàwákiri, afọ́jú ni. Aṣàwákiri ni wọ́n fi ń wo ayé, òun náà ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà síra wọn. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn tó ń ṣe é kò sì rántí ẹranko igbó.

Àwọn ẹ̀gà ló ń bá gbogbo igbó gbà á, tí wọ́n ń tún un dì kó lè bá Láínọ́ọ̀sì mu. Wọ́n á fi ìtẹ́ koríko tútù wé e, wọ́n á so ó rọ̀ sórí ọ̀pẹ. Ẹranko tó bá fẹ́ ẹ á kàn pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé, "Lọ bá mi gbé e wá," ó parí. Ọ̀fẹ́ ni.

Aṣàwákiri nìkan kọ́ ni wọ́n ń dì; ẹ̀gà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹrù tó ń tọ́jú. Ọ̀kan ń tọ́jú ti orin, òmíràn ń tọ́jú ti ìṣirò. Ti aṣàwákiri wà lọ́wọ́ Ọlánihùn, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ìtẹ́ náà. Ìtẹ́ tó bá ti ní orúkọ, ẹlòmíràn kì í dá sí i. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn.

Ọlánihùn mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan, Òyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Ẹ̀gà, aṣàwákiri yín mà dára o," ni Òyà wí. "Òun ni mo fi kọ̀wé sí àbúrò mi. Mo ti sọ ibi tí mo fi àwọn ọmọ pamọ́ sí fún un, kó lè wá kí mi kú ewu."

"Ìyá Ìkókó, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Ọlánihùn dáhùn. "Ohun tí mo bá hun, mo ti hun ún nìyẹn. Ejò pàápàá kò lè ráyè wọ ibẹ̀."

Òótọ́ ló sọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n oṣù kan kọjá, oṣù kejì tẹ̀ lé e. Lókè òkun, àwọn tó ń ṣe aṣàwákiri rí ihò kan lára rẹ̀. Wọ́n dí i, wọ́n sì gbé tuntun jáde. Ọlánihùn kò lọ gbà á. Ó jókòó síwájú ìtẹ́ rẹ̀, ó ń gba ìkíni, koríko ìtẹ́ náà sì ń gbẹ.

Àpèkẹ́, ẹ̀gà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rí i pé ìtẹ́ náà ti pọ́n. Ó lanu, ó tún pa á dé. Gbogbo ọ̀pẹ ló rí i, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n gbàgbé pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ejò gbọ́ ìròyìn ihò yẹn. Ó gba ibẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà Òyà, ó ka lẹ́tà rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ń kọjá lábẹ́ ọ̀pẹ, ó gbórí sókè.

"Ọlánihùn, o ṣeun o," ló wí. "Ihò ara aṣàwákiri rẹ gbà mí dáadáa. Ẹ̀yìn ọ̀gán ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Òyà."

 Ọlánihùn fò lọ sókè ọ̀gán, ó sì ké, ohun tí ẹ̀gà kankan kò ṣe rí. Àpèkẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ẹ̀gà tú jáde, wọ́n sì ń ké títí ariwo fi gba igbó kan. Òyà gbọ́ ọ láti ibi tó ti ń jẹko, ó sáré dé, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ inú esùsú. Koríko tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nìkan ni Ejò bá níbẹ̀.

Nígbà tó yá, Òyà wá sábẹ́ ọ̀pẹ. "Ẹ̀yin ni mo fọkàn tán," ló wí. 

Ojú ti Ọlánihùn gan-an. "Mo jẹ̀bi," ló wí. Ó wá yíjú sí àwọn yòókù. "Ṣé ẹ rí i pé ó ti gbó?"

"Ó ti tó oṣù kan tí mo ti rí i," ni Àpèkẹ́ dáhùn. "Ṣùgbọ́n orúkọ yín ló wà lára rẹ̀."

"Torí pé orúkọ mi wà níbẹ̀ ló ṣe yẹ kí ẹ pè mí."

Lójú gbogbo wọn, ó fi ẹnu ara rẹ̀ tú ìtẹ́ náà dànù, ó lọ gba aṣàwákiri tuntun, ó sì hun òmíràn tútù.

Láti ọjọ́ náà ni ẹrù kọ̀ọ̀kan tí ará ìlú, ẹyẹ tàbí èèyàn, ń tọ́jú fún Láínọ́ọ̀sì ti ń ní orúkọ olùtọ́jú àti ọjọ́ tí wọ́n tún un dì, tí ẹnikẹ́ni tó bá rí i pé ó ti gbó sì lè ta àsíá pupa sí i. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹ̀gà ti ń tú ìtẹ́ wọn tó bá ti gbẹ, tí wọ́n sì ń pariwo láti òwúrọ̀ dalẹ́. A rò pé wọ́n ń jà ni. Rárá o. "Tìrẹ ti ń gbó, wò ó," ni wọ́n ń wí fún ara wọn. Èyí tó bá sì ń pariwo jù nínú wọn, Ọlánihùn nìyẹn, tirẹ̀ ló ń ní kí wọ́n bá òun wò.