Férémù Lákànmí Fótò

Ayàwòrán kan wà ní Ìkìrun tí wọ́n ń pè ní Lákànmí Fótò. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàwó tí wọ́n gbé nílùú náà tàbí ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ tí kì í ṣe òun ló yà wọ́n. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í kánjú. Ẹni tó bá ń yára lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò pẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀, nítorí ó lè tún ọrùn aṣọ èèyàn ṣe títí olúwarẹ̀ yóò fi máa hanrun.

Nígbà tí gbogbo ayàwòrán ṣì ń fi fíìmù ṣiṣẹ́, àna rẹ̀ kan tó ń gbé òkè òkun fi kámẹ́rà kan ránṣẹ́ sí i tí kò gba fíìmù rárá. Inú ara rẹ̀ ló ń tọ́jú àwòrán sí, gíláàsì kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí èèyàn ti lè rí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ó tóbi bí búrẹ́dì, àwòrán tó lè gbà kò tó nǹkan, ó sì ń jẹ bátìrì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Lákànmí wá wò ó, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Sùárá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ tó tún jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán, ní, "Lákànmí, àwòrán tí kò ní fíìmù, ọmọ tí kò ní ìdodo ni."

Ìgbà ń yí. Fíìmù kógbá wọlé, àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ náà ra kámẹ́rà tuntun. Lákànmí náà ra òmíràn, ó tún ra òmíràn, ṣùgbọ́n kò ju ọ̀kankan nù. Ó tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni í máa ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á yọ bátìrì wọn kí omi inú rẹ̀ má baà jẹ wọ́n, á sì gbé ìrẹsì gbígbẹ sínú àwo tì wọ́n kí ó lè máa fa ọ̀rinrin. Mùfútáù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tóun náà ti di ayàwòrán, a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàámi, ìgbà wo ni wọ́n máa jinná?"

Bàbá á rẹ́rìn-ín. "Ohun tó bá ti gba ojú èèyàn sínú rí kì í ṣe ẹrù ààtàn."

Àìsàn kékeré ló mú Lákànmí lọ. Wọ́n sin ín kí ìrun Àsárì tó pé, kò sí ẹni tó ráyè wá àwòrán. Ó dun Mùfútáù wọra. Ó búra pé nígbà fìdáù ogójì ọjọ́, bàbá tó ya gbogbo ìlú yóò dúró gàgàrà lójú gbogbo ìlú. Ó lọ sọ́dọ̀ oníférémù, ó ní kó ṣe férémù tó ga bí ilẹ̀kùn fún òun, igi gbígbẹ́ létí, gíláàsì tó ń dán lójú. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ká a.

Àsìkò yẹn ni Débòwálé dé láti Ìbàdàn. Kámẹ́rà àtijọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń rà wọ́n, ó ń tún wọn ṣe, ó ń tà wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní àwòrán òde òní ti ń dán jù. Nígbà tó rí kọ́bọ́ọ̀dù Lákànmí, ó káwọ́ lérí, ó ní òun yóò ra gbogbo wọn.

Ìyá Mùfútáù pe ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mùfú, jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ ná. Ohun tí bàbá rẹ ń fọwọ́ ara rẹ̀ nù nìyẹn."

"Ìyá mi, irin lásán ni. Bàámi náà ni mo sì ń ṣe é fún."

Ó tà wọ́n tán pátá. Férémù dé, ó rẹwà, àwọn ará àdúgbò ń wá wò ó. Ìgbà náà ni Mùfútáù tó wá àwòrán tí yóò fi sínú rẹ̀. Ó tú àpótí, ó tú àpò, ó tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú gbogbo Ìkìrun ló wà níbẹ̀, ti bàbá rẹ̀ nìkan ni kò sí. Ẹ̀yìn kámẹ́rà ni Lákànmí wà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwòrán orí káàdì ìdìbò rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, èèyàn kò lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí òbúkọ.

"Èyí tí o yà ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í. "Ọjọ́ tí kámẹ́rà àkọ́kọ́ yẹn dé, ìwọ ló gbé e fún pé kí o ya òun. Ó jókòó sórí àpótí, fìlà rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ. Kọ̀ǹpútà tó lè gbà á jáde ti bàjẹ́, àwọn tuntun kò mọ̀ ọ́n. Inú kámẹ́rà yẹn ló wà. Bó bá nù ún tán, á ki bátìrì bọ̀ ọ́, á wò ó, á ní, 'Iṣẹ́ àkọ́kọ́ Mùfú nìyí.'"

Mùfútáù fò dìde. Ó ti gbàgbé pátápátá. Ọkọ̀ Ìbàdàn ló wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Débòwálé kí i tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbé kámẹ́rà náà jáde. Ó ti nù ún, ó ń dán. Mùfútáù tàn án. Gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń pa ohun tó bá wà nínú wọn rẹ́ ni," ni Débòwálé wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ojú olójú ni. N kì í wò ó, kò yẹ."

"Ṣé kò ṣeé dá padà?"

"Kámẹ́rà ìgbà yẹn ò ní ibi ìpamọ́ mìíràn. Tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́."

Kò sí ẹni tí Mùfútáù lè bínú sí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́ṣọ́ọ̀bù, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ní ọjọ́ fìdáù, ó fẹ́ gbé férémù náà pamọ́, ìyá rẹ̀ kọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e dúró, pé àyè ọkọ òun ni. Àwọn àlejò ń wá níwájú rẹ̀ láti kí Lákànmí, ojú ara wọn ni wọ́n ń rí nínú gíláàsì. Bàbá Sùárá dúró níbẹ̀ pẹ́. Arúgbó kan ṣoṣo ló ń wò ó padà, òun fúnra rẹ̀ ni. Ó fọwọ́ nu ojú, ó yíjú sí ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mùfú, ojú lo tà, dígí lo rà."

Ìdí nìyí tí àwọn ayàwòrán Ìkìrun, bí wọ́n bá rí ẹni tó fẹ́ sọ ohun àtijọ́ nù nítorí ẹwà, ṣe máa ń pa á lówe fún un pé: A kì í ta ojú ra dígí.